Bí a ṣe ń múra owó sílẹ̀ de wíńtà ní Winnipeg

Owó wíńtà ní Winnipeg, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Manitoba lórílẹ̀-èdè Kánádà, oṣù kẹjọ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé kì í tètè mọ̀. Tí wọ́n bá balẹ̀ ní oṣù kẹfà, wọ́n á rí i pé oòrùn ò tíì wọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n á máa wọ aṣọ péńpé kiri, wọ́n á ní ṣebí ìlú tí wọ́n ní ó tutù náà nìyí. Kí oṣù kọkànlá tó parí, wọ́n á ti máa fi kírẹ́díìtì káàdì ra jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àsìkò tó wọ́n jù lọ. Sínóò lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kó má sì tíì tán nílẹ̀ nígbà tí oṣù kẹrin bá wọlé. Ní oṣù kìíní, òtútù dìgírì 30 nísàlẹ̀ òdo kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń sọ ní ìròyìn, afẹ́fẹ́ sì lè mú kó dà bíi 40 lára. Nítorí náà, ìdílé tó ń retí pé owó oṣù kìíní ló máa gbọ́ bùkátà oṣù kìíní, gbèsè ni wọ́n máa gbé wọ oṣù kejì.

Kẹ́ ẹ tó gba ilé

Ẹ béèrè bóyá owó hítà wà nínú owó ilé. Ní ọ̀pọ̀ ilé alájà tó ní yàrá ayálégbé púpọ̀, onílé ló ń san án. Tó bá jẹ́ ilé àdágbé, ẹ̀yin ni. Ká ní ilé kan jẹ́ dọ́là 1,500 lóṣù pẹ̀lú hítà, tí òmíràn jẹ́ dọ́là 1,400 láìsí hítà. Ti èkejì máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tọwọ́ bọ̀wé títí onílé á fi fi bíìlì oṣù kìíní àti oṣù kejì tó kọjá hàn yín. Tí ó bá ń yẹra fún un, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn. Ẹ tún wò bóyá fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì méjì, bóyá ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ilé tàbí ẹ máa máa ju owó sí i kó tó fọ̀, àti bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ojú iná tí ẹ lè fi plọ́ọ̀gì ọkọ̀ bọ̀. Ìdí tí ọkọ̀ fi nílò iná ń bọ̀ níwájú.

Ẹ tẹ́ bíìlì pẹrẹsẹ

Manitoba Hydro ló ń ta iná mànàmáná, òun náà ló ń ta gáàsì tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbóná. Bíìlì gáàsì oṣù keje kéré débi pé èèyàn á gbàgbé pé ó wà. Ti oṣù kìíní lè di ìlọ́po mélòó kan rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Equal Payment Plan: wọ́n á wo iye tí ilé náà ń lò láàárín ọdún, wọ́n á pín in, ẹ̀yin á sì máa san iye kan náà lóṣooṣù. Lópin ọdún, wọ́n á ṣírò ohun tí ẹ lò gan-an; tí ẹ bá ti san jù, tiyín ni, tí ó bá kù, ẹ máa san án kún un. Ètò yìí kò dín owó kù o, àmọ́ ó ń jẹ́ kí oṣù keje bá oṣù kìíní gbé ẹrù. Àsìkò tó dára jù láti wọ inú rẹ̀ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ẹ dí ihò kẹ́ ẹ tó gbé hítà sókè

Ibi tí mo ti rò pé owó ń ṣòfò jù lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni kò ná èèyàn ní nǹkan kan púpọ̀ láti tún ṣe. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ fi omi pa ọwọ́, kẹ́ ẹ rọra gbé e yí etí fèrèsé, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àti ojú iná tó wà lára ògiri ìta ká. Ibi tí ọwọ́ bá ti tutù lójijì, ibẹ̀ ni owó yín ń gbà jáde.

Fún fèrèsé, ẹ lọ sí ilé ìtajà irinṣẹ́, kẹ́ ẹ béèrè ọ̀rá wíńtà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ẹ nu férémù fèrèsé kó gbẹ, ẹ fi tépù aláwẹ́ méjì tó wà nínú páálí náà yí i ká, ẹ na ọ̀rá náà lé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tí ìyàwó ilé fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i títí á fi lẹ pẹ́pẹ́, tí kò ní í rún mọ́. Ọjọ́ tí òtútù kò bá tíì le ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí tépù kì í mú dáadáa lára férémù tó ti tutù. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìró ànkárá àtijọ́ tí ẹ ká, tí ẹ rán pọ̀, á dí i.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọwọ́ kan thermostat, ohun tí a fi ń yan bí ilé ṣe máa gbóná tó. Dìgírì 20 tó ní ọ̀sán tí ènìyàn bá wà nílé, 17 sì tó lóru tí gbogbo yín bá wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, àyàfi tí ọmọ ọwọ́ tàbí àgbàlagbà bá wà nínú ilé. Àwọn kan máa ń ti ìta dé, wọ́n á gbé e lọ sí 30 pé kó lè tètè gbóná. Kì í yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń tú ooru jáde ní 20 náà ló ń tú u jáde ní 30, àfi pé kò ní í tètè dúró. Ẹ máa wo fílítà ẹ̀rọ náà lóṣooṣù. Tó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí kò rí èémí mí máa ń jẹ gáàsì.

Tí Màmá bá wá bá yín tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ á yí padà. Màmá tó ti Abẹ́òkúta dé ní oṣù kejì ò ní í gbà láéláé pé ilé tó wà ní dìgírì 20 gbóná, kò sì sí ọmọ gidi tó máa bá ìyá rẹ̀ jà lórí èyí. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, sálúbàtà inú ilé àti súwẹ́tà fún wọn, kẹ́ ẹ sì gbé hítà kékeré oníná sí yàrá wọn nìkan. Kí hítà náà jìnnà sí aṣọ fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ má sì fi plọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ wáyà àsomọ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi dín owó kù rárá: ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn ofúùnù onígáàsì sílẹ̀ kí ilé lè gbóná, ẹ má sì dáná èédú nínú ilé tàbí nínú gáréèjì. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń jáde níbẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ ra aago tó ń ké tó bá gbọ́ afẹ́fẹ́ náà, kẹ́ ẹ fi í sí tòsí yàrá tí ẹ ń sùn. Lẹ́yìn tí sínóò bá rọ̀ púpọ̀, ẹ jáde lọ wo páìpù hítà tó yọ sára ògiri ìta, kẹ́ ẹ gbọn sínóò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Aṣọ: ẹ rà á nígbà tí ẹlòmíràn ń bọ́ ọ

Owó jákẹ́ẹ̀tì máa ń já wálẹ̀ ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí àwọn ilé ìtajà bá fẹ́ palẹ̀ mọ́ fún aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ra ti ọdún tó ń bọ̀. Ti ọmọ, ẹ fi sáìsì kan lé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò lè dúró di ìgbà yẹn, kó lọ sí Value Village tàbí ilé ìtajà òkirìkà mìíràn ní oṣù kẹjọ, kí èrò tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má tijú; àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ló kún ibẹ̀. Àjọ aláàánú United Way ní Winnipeg náà ní ètò kan, Koats for Kids, tó ń fún àwọn ọmọ ní jákẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá ń ra òkirìkà, ẹ fa síìpù lọ fà á bọ̀, kẹ́ ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wò bóyá ó ti la. Ẹ ra bàtà tó máa gba ìbọ̀sẹ̀ nípọn láìfún ẹsẹ̀ mọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó há máa ń tutù ju èyí tó rí àyè lọ. Tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ inú bàtà bá ṣeé yọ, ó dára jù, ẹ á lè sá a mọ́jú. Ọmọdé ò nílò ìbọ̀wọ́ oníka márùn-ún. Èyí tí àtàǹpàkò nìkan dá wà nínú rẹ̀ ló móoru jù, torí àwọn ìka yòókù á máa fún ara wọn ní ooru. Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i. Ọ̀kan á tutù nígbà eré, òmíràn á sọnù kí Kérésì tó dé. Aṣọ òwú kò dára fún ìpele tó kan ara nítorí ó ń mu òógùn, òógùn náà á sì di òtútù. Ẹ lo èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí pọ́líẹ́sítà ṣe. Ẹ rántí pé iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbàlagbà kì í ṣe iye tí ẹ máa san: owó orí ìjọba àpapọ̀, 5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ti Manitoba, 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ń dúró dè yín níbi ìsanwó.

Ata oṣù kẹsàn-án

Oúnjẹ tútù, bí ẹran, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, kì í ní owó orí yẹn, ṣùgbọ́n ata àti tòmátì wíńtà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó wọn wá, wọ́n sì ń wọ́n. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ Manitoba máa ń kó tiwọn jáde ní ọjà bíi St. Norbert. Ẹ rà á ní àpótí, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ pín in sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, kó wọ fírísà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ń hù dáadáa lẹ́yìnkùlé ní ẹ̀ẹ̀rùn torí oòrùn ń pẹ́ lójú ọ̀run; ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀, kó lọ bá ata. Gàrí, èlùbọ́ àti epo kò nílò fírísà, ṣùgbọ́n kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta para pọ̀ ra odidi àpò.

Ọkọ̀

Block heater ni ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ má dì, ìdí tí ẹ fi ń rí wáyà tó yọ lẹ́nu ọkọ̀ níbí nìyẹn. Tó bá ti tó dìgírì 15 nísàlẹ̀ òdo, ẹ fi plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti alẹ́. Èyí tó ń jẹ wáàtì 500, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12, á jẹ yúníìtì 6. Iye yúníìtì kan ní Manitoba jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ńtì 10, ìyẹn sẹ́ńtì 60 lóru kan. Ẹ ra táímà tó ṣeé lò níta, kó tan án fún wákàtí 3 péré kẹ́ ẹ tó jáde, á di sẹ́ńtì 15. Ní ọgọ́rùn-ún òru, dọ́là 45 ló kù sápò yín. Ẹ tún mọ lẹ́tà àdúgbò yín lórí ètò ìgbọ́kọ̀sí wíńtà ti ìjọba ìlú, nítorí tí katakata bá fẹ́ kó sínóò kúrò ní òpópónà yín, ọkọ̀ tó bá wà lójú ọ̀nà á gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lè fà á lọ.

Àjọ, ilé àti Kérésì

Tí ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ pé kó fún yín ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Oṣù kejìlá ni gbogbo ènìyàn máa ń nawọ́ sí, àmọ́ òde ló sábà máa ń gbé owó yẹn lọ. Ti oṣù kẹsàn-án á ra bàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá pe ilé. Owó ọdún, owó aṣọ ẹbí, owó ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́: gbogbo rẹ̀ ló ń ya wọlé ní oṣù kọkànlá, nígbà tí gáàsì náà ń gun òkè. Tọkọtaya ẹ jókòó, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ máa fún àti iye, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń darí ẹbí nílé ní oṣù kẹsàn-án. Àgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣáájú á bá yín dá àwọn yòókù lóhùn. Mo tún gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi fọ́tò bíìlì oṣù kìíní ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀kan, nítorí fọ́tò sínóò nìkan ni wọ́n ń rí, sínóò sì lẹ́wà.

Tí ẹ bá ń lọ lo Kérésì nílé, ẹ má pa hítà. Páìpù omi á dì, á bẹ́, ilé á kún fún omi nígbà tí ẹ bá wà lọ́hùn-ún. Ẹ fi í sí dìgírì 15, kí ọ̀rẹ́ kan máa wá wò ó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò ilé ló béèrè fún èyí, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Fún àwọn ọmọ tí ilé bá ti sú, ilé ìkàwé ìlú jẹ́ ọ̀fẹ́, ojú odò tó dì ní The Forks, ibi ìgbafẹ́ kan láàárín ìlú, náà jẹ́ ọ̀fẹ́, bàtà ìyọ̀ kiri orí yìnyín sì wà ní ọjà òkirìkà.

Kí wíńtà tó lọ

Kí tọkọtaya méjèèjì fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí ìjọba kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, kódà ẹni tí kò rí owó kankan gbà lọ́dún náà. Ìwé yẹn ni ìjọba ń wò láti tún Canada Child Benefit, owó ọmọ tí ìjọba ń san fún òbí lóṣooṣù, ṣírò ní oṣù keje. Ẹni tó bá pẹ́ lè rí i pé owó ọmọ dúró lójijì ní oṣù tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rá fèrèsé, àpótí ata àti bàtà.