Wọ́n ní lẹ́ńsì mi ti yẹ̀, mo bá dán an wò fúnra mi

Ọ̀gá tó ń tún kámẹ́rà ṣe gbowó àyẹ̀wò, ó wá ní dígí inú lẹ́ńsì 100mm mi ti yẹ̀, kí n tún mú owó títú wá. Kò fi lẹ́ńsì náà ya àwòrán ẹyọ kan kó tó sọ bẹ́ẹ̀ o! Àwòrán adìrẹ ẹlẹ́kọ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí mo yà ní 1:1 (bí nǹkan ṣe tóbi tó gan-an ló ṣe tóbi lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà), ló kàn wò: òwú apá òsì hàn ketekete, tọ̀tún ṣe bàìbàì.

Tíráípọ́ọ̀dù (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), táímà: ẹni tó ń ya irú àwòrán yìí ti mọ ìyẹn. Mo gbé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bó ti wù ká lọ̀ ọ́ tó, á wú níbì kan. Bébà tí wọ́n tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí ni mo lẹ̀ mọ́ pátákó.

Kí bébà àti ojú lẹ́ńsì wá dọ́gba, níbẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà kò tó o. Lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 36mm), ohun tí 1:1 ń gbà fẹ̀ ní 36mm péré. Bí bébà bá yẹ̀ ní dígíríì 2, etí kan á fi bíi 1.25mm jìnnà ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń mú, tó ń hàn ketekete, ní f/8 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe ga tó ni ihò ṣe kéré tó) kò ju bíi 1mm lọ.

Dígí ìwojú pẹlẹbẹ kékeré ló gbà mí. Ẹ gbé e lé orí bébà, kí ẹ wo live view (àwòrán tó ń hàn lójú kámẹ́rà kí a tó yà á), kí ẹ yí fókọ́ọ̀sì sí ọ̀nà jíjìn, torí lẹ́ńsì tí ẹ ó rí nínú dígí jìnnà ní ìlọ́po méjì. Tí ojú lẹ́ńsì yẹn bá bọ́ sí àárín gbùngbùn àwòrán, ó ti dọ́gba. Àfi kí n fún skrú tíráípọ́ọ̀dù, kí orí rẹ̀ tún rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀! Ó bí mi nínú gan-an. Ẹ fún skrú pa ná. Pátákó ni kí ẹ wá máa fi bébà pélébé tì lẹ́yìn títí á fi bọ́ sí i.

Ẹ̀rọ ata àdúgbò ń mú live view gbọ̀n tí mo bá sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Fíláàṣì borí ìyẹn nígbà tí mo ń yà á.

Mo yà á ní f/5.6, mo tú òrùka tíráípọ́ọ̀dù tó wà lára lẹ́ńsì, mo yí kámẹ́rà dorí kodò, mo tún yà á. Bí apá kan náà nínú fáìlì bá ṣe bàìbàì lẹ́ẹ̀mejèèjì, lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí ó bá bọ́ sí apá kejì, bébà ló dagun. Tèmi mú dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́ńsì tí wọ́n fẹ́ tú nìyẹn!

Ẹ má fi f/22 dá lẹ́ńsì lẹ́jọ́. Ní 1:1, ó ti di bíi f/44, ìmọ́lẹ̀ á fọ́nká nínú ihò tóóró náà, gbogbo àwòrán á ṣe bàìbàì díẹ̀.

Ní ti adìrẹ, férémù igi ni mo wá ń kàn án mọ́ kó le dandan, mo ń fi dígí ìwojú lórí rẹ̀ wo ìdọ́gba, kí n tó yà á ní f/8. Owó àyẹ̀wò ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá.