Ìlẹ̀kẹ̀ pẹlẹbẹ láti ara ìdérí ike: ọ̀nà lágídígba

Ẹni tó bá fẹ́ fi ike àlòkù ṣe ohun ọ̀ṣọ́ máa ń kọ́kọ́ ronú pé kí òun yọ́ ọ, kí òun sì dà á sínú mọ́ọ̀dù. Ike ìdérí kì í ṣàn. Tó bá yọ́ tán, ńṣe ló ń fà bí àmàlà tó yi. Afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ohun tó bá sì ti mọ́ọ̀dù jáde á kún fún ihò, á súnkì, á sì wọ́.

Àwọn tó ń ṣe lágídígba, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí dúdú tí àwọn ìyá wa ń lò, ti ní ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́. Èèpo ekùrọ́ ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́. Wọn a lu ihò sí i, wọn a sín in pọ̀ kó le dáadáa, wọn a wá lọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lórí òkúta títí yóò fi rí rìbìtì. Ọ̀nà yẹn náà la máa gbà níbí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná máa kan ike yìí, ìyẹn nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di pátákó pẹlẹbẹ. Gbogbo ìyókù, ọ̀bẹ, dírìlì, omi àti sáńpépà ló máa ṣe é.

Ìdérí tó dára àti èyí tí kò dára

Ìdérí ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kó jọ. Ẹ wo inú wọn: ọ̀pọ̀ ní àmì HDPE tàbí PE-HD, tàbí nọ́ḿbà 2 nínú onígun mẹ́ta, òmíràn ní PP tàbí 5. Oríṣi ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, HDPE la sì máa lò níbí. Ẹ má po wọ́n pọ̀. HDPE máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 130 dígírì, PP ní nǹkan bíi 160. Kódà bí iná bá pọ̀ tó láti yọ́ méjèèjì, wọn kì í wọnú ara wọn. Tí ẹ bá wá ń lu ihò, ibi tí wọ́n ti pàdé gan-an ló máa là.

Èyí tí kò bá ní àmì, ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ gbé e sínú ófùn ní 145 dígírì fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá rọ̀ tó sì ń dán, HDPE ni. Bí igun rẹ̀ bá ṣì mú, PP ni. Kí ẹ tó ṣe èyí rárá, ẹ da gbogbo wọn sínú omi. HDPE àti PP á léfòó. Ohunkóhun tó bá rì, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ó lè jẹ́ PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù, èéfín PVC sì lóró gan-an.

Ìdérí tí oòrùn ti pa sí gbangba fún ìgbà pípẹ́ kò wúlò. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ́: bó bá funfun níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tó sì fọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ìdérí kan ní awọ rírọ̀ pẹlẹbẹ nínú. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò, torí ike mìíràn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sì sá wọn fún odindi ọjọ́ kan. Omi díẹ̀ tó bá kù sínú ojú ìdè ìdérí á di ooru nínú ófùn, ooru yẹn ló sì ń ṣe ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ máa rí nígbà tí ẹ bá gé pátákó náà.

Pátákó ike

Fún ẹ̀gbà ọrùn kan, pátákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́tùn-ún lósì, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3, ti tó. Ike inú rẹ̀ máa tó gíráàmù 65. Ẹ wọn 70, torí díẹ̀ á ṣòfò. Ìdérí ike omi kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 2, nítorí náà ẹ nílò bíi 35.

Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù gé wọn wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju mìlímítà 5 lọ. Bí ẹ bá kó wọn sínú ófùn lódidi, etí ìdérí tó nípọn kò ní tíì yọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ á ti máa pọ́n.

Ófùn kékeré oníná mànàmáná ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ kò ní fi yan oúnjẹ mọ́ láé. Ẹ ra tẹmómítà tí wọ́n ń gbé sínú ófùn, torí ìgbóná inú rẹ̀ àti nọ́ḿbà ara bọ́tìnnì kì í sábà bára mu. Ẹ má fi èédú tàbí sítóòfù ṣe é. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ìgbóná wọn, ike tó bá sì ti ń rú èéfín ti kọjá yíyọ́, ó ti ń jó. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà.

Ẹ da ike gígé náà sáàárín bébà méjì tí àwọn tó ń yan kéèkì máa ń tẹ́ sínú agolo, èyí tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́. Bébà onípáráfíìnì kọ́, ìyẹn á yọ́ mọ́ iṣẹ́ yín lára. Ẹ gbé e sínú ófùn ní 165 dígírì fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn, ẹ gbé e jáde, ẹ ṣí bébà òkè, ẹ fi bébà ìsàlẹ̀ pa á pọ̀ sí méjì kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ sì dá a padà fún 10 ìṣẹ́jú sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ pa á pọ̀. Bí ẹ bá ń pa á lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé á di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Bó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ́ ẹ sórí táìsì, ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn ní mìlímítà 3 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ sì gbé ẹrù lé pákó. Àwọn irin yẹn ni kì í jẹ́ kí àárín nípọn kí etí sì fẹ́lẹ́. Odindi àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, wúwo tó kílò 10, nítorí náà àpò méjì ti tó. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. HDPE máa ń súnkì ní nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bó bá ń tutù, etí ló sì ń kọ́kọ́ tutù. Bí ẹ bá gbé ẹrù kúrò ní kíá, tàbí tí ẹ dà omi lé e kó lè yá, pátákó náà á ká kò.

Gígé àti lílu ihò

Ẹ fi rúlà fa ìlà sí i ní mìlímítà 12, mìlímítà 12. Ẹ máa rí onígun mẹ́rin 144. Ayùn irin ló ń gé e mọ́ jù. Kò pọn dandan kí etí rẹ̀ gún, torí lílọ̀ máa mú un kúrò.

Ihò mìlímítà 2.5 ni kí ẹ lu. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ pákó kan kí wọ́n pàdé ní igun, kí ẹ máa ti ike kọ̀ọ̀kan wọ igun yẹn, kí ihò lè máa bọ́ sí ojú kan náà. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìka mú un, torí dírìlì lè gbá ike kékeré yí lójijì kó sì ya ni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí dírìlì máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fà á jáde léraléra. Bó bá ń sáré jù, ike á yọ́ mọ́ ọn lára, ihò náà á wọ́, á sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ú. A kò gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ máa ń gbé ètè sókè yí ihò ká, ètè yẹn kì í sì jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ kan sún mọ́ èkejì.

Lílọ̀

Ibí ni gbogbo ẹwà iṣẹ́ yìí wà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló dára jù láti sín wọn sí: ó nípọn tó mìlímítà 2, ó le, orí rẹ̀ kan tẹ̀ kọdọrọ, èkejì sì ní nọ́ọ̀tì. Ẹ fi wáṣà kékeré kan sí ìdí ibi tó tẹ̀, ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ 72, kí ẹ fi ike àjákù kún àyè tó kù títí dé ibi tí nọ́ọ̀tì ti lè mú un, kí ẹ wá fi wáṣà kejì àti nọ́ọ̀tì dè é. Orí méjèèjì ló máa ń jẹ jù nígbà lílọ̀, ó sì dára kó jẹ́ àjákù ló wà níbẹ̀. Sípóòkù méjì á gba gbogbo 144 tán.

Ẹ fi ọ̀bẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù lára odindi ìdì náà, kó di onígun mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ sáńpépà nọ́ḿbà 80 sórí táìsì, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìdì náà síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹ máa dán nọ́ọ̀tì wò, torí ó máa ń tú. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ń dá yí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní lọ̀. Á yọ sókè, ẹ̀yin á sì rò pé ihò rẹ̀ ló wọ́.

Ẹ má lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Ooru á mú kí HDPE hu irun funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí sáńpépà kì í lè pa. Bó bá ti hu ú, ẹ fi abẹ bíléèdì ha á ní ìbú, ẹ wá padà sínú omi. Láti 80, ẹ lọ sí 120, 240, kí ẹ sì parí sí 400. Ara rẹ̀ á máa mọ́ra, kò sì ní dán gbinrin. A fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì kì í mú un, ọ̀dà kì í mú un, gọ́ọ̀mù náà kì í mú un. Gbogbo wọn á ṣí kúrò lára rẹ̀ láìpẹ́.

Omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ dé gọ́tà. Èérún ike yìí kì í rì, ojú omi ló máa wà. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ sá èérún náà gbẹ, kí ẹ sì dà á sínú pátákó tó ń bọ̀.

Àwọ̀

Ẹ má gbìyànjú láti jẹ́ kó jọ iyùn tàbí sẹ̀gi. Ojú tó bá mọ iyùn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yín á sì di ayédèrú nígbà tó yẹ kó dá dúró. Búlúù ìdérí omi àti pupa ìdérí ẹlẹ́rìndòdò ní orúkọ tiwọn lójú ẹni tó ń rà wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hàn. Ẹ yan àwọ̀ kan kó gba bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Kí funfun má pọ̀, torí ó máa ń pa gbogbo àwọ̀ yòókù rẹ̀ nínú pátákó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan rọ̀ sí iwájú ẹ̀gbà náà, ara ike omi fúnra rẹ̀, ìyẹn PET, dára fún ewé àti òdòdó. Ẹ gé e láti àárín ike, kí ẹ sì mú un sún mọ́ atẹ́gùn gbígbóná. Fífẹ̀ ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́, nítorí náà ooru á mú un ká padà. Ọrùn ike kò fẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi ká. Bí ewé náà bá funfun bí ẹfun tó sì ń ṣẹ́, ooru ti pọ̀ jù.

Sísín

Ẹ̀gbà ọrùn yìí máa gùn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ díẹ̀, kò sì ní wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ. Iyùn tó tóbi tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta. Fífúyẹ́ yẹn ló mú kó ṣeé ṣe láti sín ẹsẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀ sọ́rùn láìdun ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fúyẹ́ kì í jókòó dáadáa láyà. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ idẹ kékeré kan sí àárín méjìlá méjìlá, á rọ̀ bó ṣe yẹ.

Okùn náílọ̀nù híhun tó nípọn ní mìlímítà 2 ni kí ẹ lò. Okùn ìwọ̀ apẹja tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ihò yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ á máa sún kúrò lójú ìlà. Ẹ fi àyè mìlímítà 3 sílẹ̀ lórí okùn, torí bó bá le jù, ẹ̀gbà náà á dúró gbọnrangandan. Ẹ fi iná àbẹ́là pa etí okùn, ẹ ta kókó, ẹ fi fìlà idẹ bo kókó náà, kí ẹ sì fi wáyà so húùkù mọ́ ọn. Kí ẹ tó tà á, ẹ so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn di ọjọ́ kejì. Bí kókó bá yọ̀ tàbí húùkù bá là, ẹ tú u, kí ẹ sì tún un so.