Èdè òkèèrè wo ni kí ẹ kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè òkèèrè lágbà, ẹ má wo èyí tó dùn létí jù. Ẹ wo ẹni tí ẹ máa rí bá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí gan-an.

Tó bá jẹ́ Kútọnu lẹ ti ń rajà, Faransé ni kí ẹ mú. Ìró "bon" tó ń dààmú àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, inú "ìbọn" la ti mọ̀ ọ́n. 80 tí wọ́n ń pè ní "quatre-vingts", ogún mẹ́rin náà ni, bí ọgọ́rin tiwa gẹ́lẹ́! "Tu" nìkan ló máa là yín lóòógùn: ẹ ká ètè bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ wá pe "i".

Ẹni tó ń kó ọjà láti Ṣáínà, ohùn mẹ́rin inú Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, ò tó ẹ̀rù fún ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ niṣẹ́ wà.

Kí ẹ tó sanwó fún olùkọ́ kankan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ìkíni àti iye owó, kí ẹ fi ná ọjà kan wò.