Bí a ṣe ń pàgọ́ afẹ́ sáàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì

Ilẹ̀ tí ẹ pàgọ́ sí ni olórí afẹ́. Ẹ lè ra tìmùtìmù olówó gọbọi, kí ẹ so gílóòbù kéékèèké yí òpó ká, kí ẹ fi aṣọ funfun bo bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnu ọ̀nà àgọ́ bá kọjú sí ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń bọ̀, tàbí tí àgọ́ wà níbi tí omi òjò ń dárogún sí, òru ọjọ́ yẹn ò ní í tètè mọ́. Kánópì àti àga ni mò ń yá àwọn onínàáwó ní Àgbádárìgì kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo lè pa àgọ́ tí tọkọtaya lè sùn sí létí omi, tó ní bẹ́ẹ̀dì gidi, fáànù àti ibi ìwẹ̀. Iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù nìyẹn báyìí. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ ṣe é fún ara rẹ̀: ọ̀rẹ́ mẹ́rin, tọkọtaya, tàbí ìdílé tó fẹ́ jìnnà sí ariwo ìgboro láì kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ẹ bá dúró ní Marina Àgbádárìgì tí ẹ kọjú sí gúúsù, ọ̀sà ló wà níwájú yín. Òdìkejì rẹ̀ ni Gberefu, ilẹ̀ iyanrìn tó gùn tẹẹrẹ, tó kún fún igi àgbọn. Ẹ̀yìn Gberefu ni òkun ńlá wà. Ẹni tó bá pàgọ́ síbẹ̀ ní omi méjì: ọ̀sà tó dákẹ́ ní àríwá, òkun tó ń bú ramúramù ní gúúsù. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gba Mile 2 kọjá ní kùtùkùtù, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì, kí ẹ lè dé etídò kí oòrùn tó mú. Kálukú ló gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kó dì í láyà dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ sùn sí ìlú, kí ẹ sọdá lọ́jọ́ kejì. Ẹrù àgọ́ wúwo, òkùnkùn ò sì dára fún ọkọ̀ tó kún.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ á mú kí òru tutù débi pé ẹ ó wá aṣọ ìbora. Ẹ yẹra fún oṣù kẹfà, òun ni òjò rẹ̀ ń pọ̀ jù níhìn-ín. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Oòrùn á ràn láàárọ̀, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìjì yìí, ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ojoojúmọ́ ti ń fẹ́ wá láti orí òkun. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ ẹnu ọ̀nà àgọ́ sí àríwá, kó dojú kọ ọ̀sà. Atẹ́gùn òkun á gba ẹ̀yìn rẹ̀, ìjì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó máa rí ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà. Bí ẹ bá sì jí láàárọ̀, omi tó tẹ́jú ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Kí ẹ tó já ẹrù sílẹ̀, ẹ lọ kí baálẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ní onílẹ̀, àwọn Ògù (tí a tún ń pè ní Ègùn) tó ń gbé ibẹ̀ ló sì mọ ibi tí omi ń gbà. Ẹ mú ọtí tàbí ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ mú wá, ẹ jókòó, ẹ sọ iye òru tí ẹ fẹ́ sùn, kí ẹ sì béèrè ẹni tó lè bá yín ṣọ́ ẹrù àti ẹni tó lè bá yín dáná. Owó tó bá bọ́ sọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ni ààbò yín. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé Zangbeto ń jáde lóru ọjọ́ kan, ẹ wà nínú àgọ́, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbé fóònù jáde láti ya fọ́tò. Ẹ̀ṣọ́ òru ni Zangbeto láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà yín lálejò ló sì ń ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára wà nípa Gberefu. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun gba ibẹ̀ kọjá. Kànga tí wọ́n ti ń fún wọn lómi mu wà lójú ọ̀nà náà, ibi tí ọ̀nà parí sí ni wọ́n ń pè ní Point of No Return, ibi àlọ-àìpadàbọ̀. Ẹ má pàgọ́ sítòsí ọ̀nà yìí, ẹ má gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè síbi tí ohùn rẹ̀ máa dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà ará ìlú mú yín rìn ín láàárọ̀ kí iyanrìn tó gbóná. Erékùṣù náà gùn, ibi tí a lè ṣe fàájì sí pọ̀ lórí rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí èèkàn máa wọlẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún tó sì ń fà lójúmọ́, ó sì máa ń gòkè jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá kún rẹ́rẹ́. Ẹ wo ìlà tí omi to pàǹtí sí lórí iyanrìn, kí ẹ kọjá rẹ̀ dáadáa títí ẹ ó fi dé ibi tí koríko ti ń hù. Ẹ tún wo òkè. Àlejò kan láti Ìkẹjà sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ á gbé e sábẹ́ àgbọn yìí, ibẹ̀ ló máa yọ nínú fọ́tò." Mo ní kó gbójú sókè. Ó wo àwọn àgbọn tó ti gbó lókè, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé òpó kúrò níbẹ̀. Àgbọn tó gbó pẹ̀lú èèpo rẹ̀ wúwo ju kílò kan lọ, igi tó ń so ó sì lè ga ju mítà 20 lọ. Imọ̀ gbígbẹ náà ń já bọ́ láì sí atẹ́gùn kankan. Ẹ pàgọ́ sí gbangba, níbi tí òjìji àgbọn máa dé lọ́sàn-án ṣùgbọ́n tí èso rẹ̀ ò lè dé.

Àgọ́ tí mò ń lò rí roboto, aṣọ òwú tó nípọn ni, òpó kan ló wà láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó mítà 5 láti etí kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan, àga méjì àti tábìlì kékeré máa ń gbà á. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ pa á nílé ná, ẹ da omi lé e títí yóò fi rin gbindin, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Òwú á wú, ojú abẹ́rẹ́ á dí. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, òjò àkọ́kọ́ á máa kán sí i lára lórí bẹ́ẹ̀dì.

Èèkàn irin tí a fi ń ta kánópì nígboro ò níṣẹ́ kankan lórí iyanrìn. Ìka méjì ni ẹ ó fi fà á yọ. Àpò ìrẹsì ni mò ń lò. Ẹ bu iyanrìn sínú àpò tó ti ṣófo, kó ju ìdajì lọ, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ ta okùn yí àárín rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún. Ẹ tẹ́ àpò náà sínú rẹ̀ ní ìbú, kó dábùú ojú okùn, kí okùn sì jáde ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sápá ọ̀dọ̀ àgọ́. Ẹ wa iyanrìn bò ó dé ìdajì, ẹ bu omi lé e, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tún wà, ẹ tún tẹ̀, títí ihò á fi kún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo ara fa okùn. Bí ó bá le gan-an tí iyanrìn ò mira, ẹ lọ sórí èyí tó kàn. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò, ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kùn sí i, ṣùgbọ́n àgọ́ tí a bá dè báyìí máa ń dúró nínú ìjì tó ṣí páànù lórí ilé.

Tapólì tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ gbọ́dọ̀ kéré sí àgọ́ fúnra rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá yọ síta, á gba omi òjò, á sì darí rẹ̀ sábẹ́ yín. Lórí tapólì ni ẹní máa wà. Ẹ to pákó pàlẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé tìmùtìmù lé e, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa fà sínú rẹ̀. Èmi ò kì í fi aṣọ funfun òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àdìrẹ aláró láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mò ń tẹ́, iyanrìn kì í hàn lára rẹ̀, ó sì ń tutù sára. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó rí roboto ni kí ẹ so mọ́ òpó àárín, kó bo bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn kòkòrò tíntìntín máa ń jẹni lẹ́sẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹ wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì fín èèpo ọsàn gbígbẹ níta.

Mi ò kì í gbé jẹnẹrétọ̀ kọjá omi. Ariwo rẹ̀ á pa ohùn òkun, èéfín rẹ̀ á sì lé yín. Fáànù alágbèéká méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 15, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, wáàtì-wákàtí 240 ló jẹ. Gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5, fún wákàtí 5, jẹ́ 100. Bátìrì alágbèérìn tó gba wáàtì-wákàtí 500 á gbé òru kan, fóònù á sì tún rí tirẹ̀ gbà. Páńẹ́lì sólà kan á sì rọ iná sí i padà lọ́sàn-án. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ààrò èédú wọ inú àgọ́, kódà kí ọyẹ́ mú tó bá a ṣe lè mú. Èédú tó ń jó níbi tó há ń tú gáàsì tí kò ní òórùn, ó ń pani lójú oorun.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń fi sẹ́yìn, òun sì ni àwọn obìnrin ń bi mí léèrè lọ́wọ́ kan. Àgọ́ kékeré ọ̀tọ̀, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní garawa nínú, àti àpò ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ẹ bù ú lé e lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kò ní í rùn. Omi ìwẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú, kí ẹ gbé e sóòrùn láti ọ̀sán. Omi mímu àti ti oúnjẹ, ẹ gbé e láti ìlú, lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́.

Oúnjẹ ò le. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n wọn, kí ẹ fi èèpo àgbọn gbígbẹ yan án, kí ẹ jẹ́ kí ìyá tí baálẹ̀ fi hàn yín se ìrẹsì alágbọn. Ẹ má gbé oúnjẹ Ìkòyí wá.

Ẹ wẹ̀ ní ọ̀sà níbi tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Omi ibẹ̀ máa ń fani lọ sí àárín, pàápàá níbi tó dà bíi pé ìgbì ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó gbé ẹnì kan, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi kúrò nínú rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹ sì pa iná tó kọjú sí òkun lóru, nítorí ìjàpá òkun ń gòkè yé ẹyin sórí iyanrìn Èkó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iná sì ń ṣi àwọn ọmọ wọn lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ, àgọ́ ni kí ẹ kó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ìrì lára rẹ̀, kí ẹ gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, kí ẹ tó ká a. Aṣọ òwú tí a ká ní tútù á bu láàárín ọjọ́ díẹ̀, á yọ àmì dúdúdúdú tí ọṣẹ ò lè bọ́. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ ká a ní tútù nítorí òjò, ẹ tú u padà lọ́jọ́ kejì nílé, kódà lórí ògiri fẹ́ńsì. Ẹ tú iyanrìn inú àpò ìrẹsì dànù, ẹ kó àpò náà, ẹ dí ihò, kí ẹ sì ti bá atukọ̀ ṣàdéhùn láti alẹ́ àná, kí ó lè dé kí oòrùn tó kan àtàrí.