Àṣìṣe Tó Ń Pa Fóònù Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Fíláàṣì

Fóònù tó bá kú lọ́wọ́ ẹni tó ń fíláàṣì, ìyẹn ẹni tó ń fi ètò mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú fóònù, kì í sábà jẹ́ ìgbà tí fáìlì ń wọlé ló kú. Wọ́n ti pa á kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọn rárá: fáìlì fóònù mìíràn ni wọ́n dáńlóòdù, tàbí kó jẹ́ pé inú fóònù tí wọ́n fẹ́ nù kanlẹ̀ náà ni wọ́n tọ́jú ẹrù wọn sí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní agbègbè Under-G pọ̀ nínú àwọn tó ń dán an wò. Redmi tàbí Infinix wọn kò rí Android tuntun gbà mọ́, wọ́n sì ti gbọ́ pé LineageOS tàbí irú rẹ̀, ìyẹn ROM (odindi ètò Android) tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ fóònù ló ṣe é, lè sọ ọ́ dọ̀tun. Òótọ́ ni, ó lè sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dà rú, ẹ́ńjìníà tó gbọ́ṣẹ́ ní Takie lè jí fóònù yín dìde o, kò lè jí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ti nù dìde, torí pé kọ́kọ́rọ́ tí fóònù fi tì wọ́n pa ti bá wọn lọ.

Orúkọ ara páálí kò tó

Redmi Note 8, Redmi Note 8T àti Redmi Note 8 Pro: lójú ẹni tó ń rà wọ́n lọ́jà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú iṣẹ́ fíláàṣì, wọn kò bára tan tó bẹ́ẹ̀. Ginkgo ni orúkọ tí àwọn tó ń ṣe ROM mọ àkọ́kọ́ sí, willow ni ìkejì, begonia ni ìkẹta. Ginkgo àti willow ń lo ṣípù Snapdragon 665. Begonia ń lo Helio G90T ti MediaTek, ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá fi ipá gbé fáìlì begonia wọ inú ginkgo ti kọ ohun tí ṣípù náà kò lè kà síbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kejì yìí ni kí ẹ máa fi wá ROM. Ẹ tan USB debugging nínú Developer options, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi adb, irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tẹ `adb shell getprop ro.product.device`. Bí ẹlòmíràn bá ti fíláàṣì fóònù náà rí kó tó dé ọwọ́ yín, èsì yẹn lè máa parọ́, nítorí náà ẹ gbé fóònù wọ ipò fastboot, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń bá a sọ̀rọ̀ kí Android tó tàn, kí ẹ fi `fastboot getvar product` yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, ẹ dúró ná.

Tòkunbọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bootloader, ètò kékeré tó ń tan fóònù, gbọ́dọ̀ ṣí kí ROM mìíràn tó lè wọlé. Ti Galaxy S10 tó jẹ́ SM-G973F ṣeé ṣí. SM-G973U, tó wá láti Amẹ́ríkà, Samsung kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí bootloader rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pixel tí wọ́n rà lọ́wọ́ Verizon. Kí ẹ tó sanwó lọ́jà, ẹ wọ Developer options, ẹ wo OEM unlocking, ìyẹn ibi tí fóònù ti ń gbà kí ẹ ṣí bootloader. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ so fóònù mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ná, torí pé ó ní Pixel tí kì í tan án títí yóò fi bá Google sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣì ṣú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù náà kì í ṣe ẹ̀dà

Ṣíṣí bootloader ń nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí olè má baà jí fóònù, kó ṣí i, kó sì máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ́ tiyín gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ `fastboot flashing unlock`. Xiaomi sábà máa ń ní kí ẹ dúró fún wákàtí 168 lẹ́yìn tí ẹ bá ti so àkáǹtì mọ́ fóònù. Ọjọ́ 7 yẹn gan-an ni kí ẹ fi kó ẹrù. Ẹ má yọ àkáǹtì náà kí ẹ tún un so nítorí ìkánjú, torí pé kíkà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò àti fídíò rọrùn: ẹ kó fódà DCIM, Pictures àti Download sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ lo mẹ́mórì káàdì, ẹ rí i dájú pé fóònù kò tíì sọ káàdì náà di ara ibi ìpamọ́ inú rẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá nu fóònù ni káàdì náà kò ní ṣeé kà mọ́.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ń sunkún lé. Ẹ wọ Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ tẹ Back up. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo fódà WhatsApp tó wà nínú `Android/media/com.whatsapp` sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí Databases wò. Fáìlì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú msgstore, tí crypt14 tàbí crypt15 sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ti tan ìdáàbòbò ẹ̀dà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 64, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, nítorí láìsí i, fáìlì náà kò wúlò. Lórí ROM tuntun, ẹ dá fódà yìí padà sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp, nọ́ńbà kan náà sì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ń fi Google Authenticator wọ àkáǹtì kankan, ẹ kó kóòdù inú rẹ̀ lọ sórí fóònù mìíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni gbígbà pé TWRP ti tọ́jú ohun gbogbo. TWRP ni recovery, ojú iṣẹ́ tó ń tàn dípò Android, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, tí wọ́n fi ń nu fóònù, tí wọ́n sì fi ń fi ROM sí i. Bí ẹ bá fàmì sí Data nínú Backup, áàpù àti ètò wọn ló ń kó. Kì í kó Internal Storage, ìyẹn ibi tí fọ́tò, orin àti dókúmẹ́ǹtì yín wà. Inú Internal Storage yẹn kan náà ló tún ń tọ́jú ẹ̀dà sí bí ẹ kò bá yan ibòmíràn. Bí ẹ bá wá tẹ Format Data lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀dà yóò bá ẹrù lọ. Bí ẹ bá ti ṣe Backup tán, ẹ tẹ `adb pull /sdcard/TWRP` lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ yọ PIN àti ìka ọwọ́ kúrò kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù lè kọ PIN yín nígbà tí ẹ bá dá a padà. Bí orúkọ fódà inú TWRP bá rí wúruwùru, tí kò ṣeé kà, TWRP kò rí Data yín ṣí nìyẹn; ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà Data tó bá ṣe.

Ìpín tó gbé IMEI dání

Pípàdánù fọ́tò máa ń dunni, ṣùgbọ́n ohun kan wà lórí fóònù tí ẹ kò lè rí dáńlóòdù níbikíbi láyé. Ilé iṣẹ́ ti kọ nọ́ńbà IMEI, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá fóònù mọ̀, àti òǹkà ìdíwọ̀n rédíò fóònù kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ìpín kéékèèké kan. Bí wọ́n bá bàjẹ́, Android yóò tàn, kámẹ́rà yóò ṣiṣẹ́, síìmù kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá tẹ *#06#, òfìfo ni ẹ ó rí, tàbí òdo lásán.

Lórí fóònù tó ń lo ṣípù Qualcomm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Snapdragon, àwọn ìpín náà ni modemst1, modemst2, fsg àti persist. Lórí MediaTek, nvram, nvdata, nvcfg, protect1 àti protect2 ni. Lórí Samsung, EFS ni, TWRP sì máa ń fi í hàn lára ohun tí ẹ lè fàmì sí. Ìgbà tó yẹ kí ẹ kó wọn ni lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí bootloader, tí TWRP ti tàn, tí ROM tuntun kò sì tíì wọlé. Bí fóònù bá gbà á, `fastboot boot twrp.img` yóò tan TWRP láìfi í sórí fóònù, ọ̀nà tó mọ́ jù lọ sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà:

`adb shell`
`dd if=/dev/block/by-name/modemst1 of=/sdcard/modemst1.img`

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ jáde pẹ̀lú `exit`, kí ẹ fi `adb pull` kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ 0, kò kó nǹkan kan. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú wọn sí, ó kéré tán. Ẹ má gba nvram lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní irú Infinix yín: IMEI tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, fóònù méjì yóò sì máa jẹ́ orúkọ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí IMEI ti ń bọ́ jù lọ fún àwọn tó ń lo Tecno, Infinix àti itel ni SP Flash Tool, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fíláàṣì fóònù MediaTek. Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpótí yíyàn òkè rẹ̀: Download Only, Firmware Upgrade, àti Format All + Download. Ìkẹta yìí ń nu ìpamọ́ fóònù látòkè délẹ̀, nvram pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń yàn án torí pé wọ́n rò pé ó mọ́ jù. Download Only ni kí ẹ yàn. Ẹ tún yọ àmì kúrò lára preloader, ètò àkọ́kọ́ tó ń tan fóònù, bí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì láti kọ ọ́, torí pé preloader tí kì í ṣe ti fóònù náà ni ó ń sọ ọ́ di èyí tí kì í tàn rárá, tí kì í sì í fi àmì gbígba iná hàn.

Fáìlì ilé iṣẹ́ kọ́kọ́, ROM tuntun lẹ́yìn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìní firmware ilé iṣẹ́ fóònù náà, ìyẹn àwọn fáìlì ètò tí ilé iṣẹ́ ṣe fún un, lórí kọ̀ǹpútà, torí pé ẹ kò ní fẹ́ máa wá dáàtà kiri lóru nígbà tí fóònù bá dúró sórí logo. Ti Samsung ọjọ́ òní máa ń ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Apá tí ẹ ó rí nínú rẹ̀ ni BL, AP, CP, CSC àti HOME_CSC. Nínú Odin, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fíláàṣì Samsung, CSC ń nu fóònù, HOME_CSC kì í nù ún. Ti Xiaomi ní fáìlì méjì tó jọra, `flash_all.bat` àti `flash_all_lock.bat`, MiFlash, irú Odin ti Xiaomi, náà sì sábà máa ń fàmì sí clean all and lock fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ yí i sí clean all. Ẹni tó bá gbójú fò ó yóò ti bootloader pa padà láìmọ̀, bí firmware náà bá sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí kò bá fóònù mu, kò ní tàn mọ́.

Ẹ má sì padà sí firmware tó ti pẹ́ jù. Fóònù Xiaomi mìíràn ní òǹkà tó ń dènà ìyẹn, `fastboot getvar anti` ni ẹ ó fi rí i. Firmware tí òǹkà rẹ̀ bá kéré sí ti fóònù lè pa á pátápátá.

Lẹ́yìn dáńlóòdù, ẹ fi `certutil -hashfile orúkọ-fáìlì SHA256` wò ó bóyá fáìlì náà pé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já ní Under-G lè fún yín ní zip tó ṣí dáadáa, tí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

NEPA àti okùn

Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ń gbé iná ni kí ẹ lò. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS kò dára fún iṣẹ́ yìí nílùú wa. Bí iná bá lọ nígbà tí fastboot ń kọ bootloader, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀yìn yọ. Kí bátìrì fóònù tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Okùn tí wọ́n ń tà fún gbígba iná nìkan kì í gbé dáàtà. Bí `adb devices` kò bá mú nǹkan jáde, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà dráífà. Ẹ yẹra fún USB hub. Bí fastboot bá ń já lórí kọ̀ǹpútà AMD, ẹ gbé okùn lọ sójú USB 2.0.

Nígbà tí ROM bá ń wọlé

Láti ROM ilé iṣẹ́ bọ́ sí ROM mìíràn, Factory Reset kò tó. Ẹ tẹ Format Data, kí ẹ kọ yes, torí pé ROM tuntun kò lè ka ohun tí èyí àtijọ́ tì pa. Àìṣe é ló ń fa kí fóònù máa yí lórí logo láìdúró. LineageOS kì í gbé Play Store wá. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fíláàṣì MindTheGapps tàbí NikGapps tó bá ẹ̀dà Android náà mu kí fóònù tó tàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tan fóònù ná, tó wá padà fi í, yóò máa rí «Google Play services has stopped» títí yóò fi tún fóònù nù.

Títàn àkọ́kọ́ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan. Bó bá kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti háàngì nìyẹn.

Lórí Samsung, ẹ yọ Auto Reboot kúrò nínú Odin nígbà tí ẹ bá ń fi TWRP sí i, torí pé bó bá tàn sórí ROM ilé iṣẹ́ kí ẹ tó wọ TWRP, ROM náà lè fi recovery tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Knox, àmì ààbò tí Samsung fi sínú fóònù, náà yóò di 0x1 lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ohun tó lè dá a padà sí 0x0. Samsung Wallet àti Secure Folder ti lọ.

Áàpù ilé ìfowópamọ́ mìíràn ń kọ fóònù tí bootloader rẹ̀ ṣí. Bó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo tí ẹ fi ń gba owó tàbí fi ń tajà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wá fóònù àtijọ́ kan fi kọ́ṣẹ́ ná.

Bí ẹ bá fẹ́ padà sí ti ilé iṣẹ́ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ fi firmware ilé iṣẹ́ náà sí i pé, ẹ jẹ́ kó tàn, ẹ fi síìmù pe èèyàn, ẹ tẹ *#06#. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ ni `fastboot flashing lock` kàn, ẹ rántí pé òun náà yóò tún fóònù nù. Bí ROM tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ má tẹ ẹ́.