Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó rà á

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń rákò, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ bá fín oògùn apakoríko sí àgbàlá, kò dúró síbẹ̀ o. Bàtà ló ń gbé e wọlé, ọmọ á fọwọ́ rá a nílẹ̀, á sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ẹ máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ má fín in rárá: tí òjò bá rọ̀ tán tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fọwọ́ fa èpò náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ má sì gé koríko mọ́lẹ̀ jù. Tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8, òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí èpò tuntun rí oòrùn.

Ìpara àti ọṣẹ ńkọ́? Ẹ yí ìgò náà padà. “Fragrance” tàbí “parfum” (ìyẹn òórùn dídùn) lè kó ọ̀pọ̀ kẹ́míkà pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. DMDM hydantoin àti quaternium-15, àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara tètè bàjẹ́, máa ń tú formaldehyde, kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, jáde díẹ̀díẹ̀. Ìpara tó ń bóra tí ẹ bá rí “mercury” (irin olóró kan) tàbí “calomel” (tó ní mercury nínú) lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín.