Bí A Ṣe Ń Wá Kùrukùru Tí Ìràwọ̀ Ń Tan Ìmọ́lẹ̀ Sí, Láti Orí Ilé ní Yábàá

Kí ẹ tó gun orí ilé lọ, ẹ ṣe àdánwò kékeré kan nínú yàrá. Ẹ ta aṣọ dúdú sára ògiri, ẹ tan kọ́ìlì tí a fi ń lé ẹ̀fọn síwájú rẹ̀, ẹ pa iná, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí èéfín náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí iná tọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ funfun, èéfín yẹn yóò ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Èyí tó gbà ló ń fọ́n ká, ó sì ń fọ́n aró ká ju pupa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ń ṣe. Ní 1912, Vesto Slipher ará Amẹ́ríkà tú ìmọ́lẹ̀ kùrukùru tó yí Merope, ọ̀kan lára àwọn ìràwọ̀ Pleiades, ká sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí i pé ti ìràwọ̀ náà gan-an ni: kùrukùru náà yá a ni.

Ṣùgbọ́n àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Merope àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọdún. Eruku tí wọ́n ń là kọjá lọ ni wọ́n ń tàn sí, kì í ṣe èyí tó bí wọn. Bí ìbí ìràwọ̀ lẹ bá ń wá, M78, kùrukùru kan nínú àgbájọ ìràwọ̀ Orion, ni kí ẹ wò.

Ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló dára jù, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ó bá ń gba àtàrí wa kọjá. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò ní ìlà kan. Alnitak ni èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà náà níhà ìlà-oòrùn. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí àárín àríwá àti ìlà-oòrùn, ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ìlà náà. Ọyẹ́ ni ọ̀tá yín, torí eruku rẹ̀ ń fọ́n iná ìlú ká gẹ́gẹ́ bí èéfín kọ́ìlì ti ń ṣe. Ẹ dúró de alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí kò sí òṣùpá, tí iná àdúgbò sì lọ (ìgbà yìí nìkan ni mo máa ń dúpẹ́ pé iná lọ). Awò olójú méjì kò tó ní Yábàá; awò-awọ̀nàjíjìn tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ni mo fara mọ́. Ẹ má retí àwọ̀ aró, nítorí ojú wa kì í rí àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ṣá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí yóò dà bí èémí lórí dígí, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì nínú rẹ̀.

Ibi tó mọ́lẹ̀ yẹn kọ́ ni ilé ọlẹ̀ náà. Inú òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí gáàsì ti tutù tó nǹkan bí -260°C, tí ìwúwo ara rẹ̀ ń fà á wọ inú, tí àárín rẹ̀ sì ń gbóná títí háídírójìn yóò fi máa di hílíọ̀mù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2004, Jay McNeil, tí wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, fi awò oníǹṣì mẹ́ta ya àwòrán M78 ní Kentucky, ó sì rí kùrukùru kékeré kan tí kò sí nínú àwòrán tí àwọn ènìyàn mọ̀. Ìràwọ̀ ọmọdé kan, V1647 Orionis, ló ṣàdédé mọ́lẹ̀ sí i tó tàn sí eruku àyíká rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2006, ó ti ṣá padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kámẹ́rà tó ṣeé so mọ́ awò, ẹ ya ibẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ẹ sì fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀.